Àtọ̀gbẹ àti Èkejì Rẹ̀ Tí Kò Lórúkọ: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Àìsàn Òùngbẹ àti Omi Ara

Ìfáárà

Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí kò nílò àlàyé lórí ohun tí òùngbẹ ń jẹ́. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà fún àwọn tó fẹ́ dé orí rẹ̀, kí àlejò sì tó gun ìdajì rẹ̀, òógùn á ti rin aṣọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì ti gbẹ. Lókè níbẹ̀ ni adágún Ìyákẹ̀ wà. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé adágún yìí kì í gbẹ, ì báà jẹ́ láàárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ọ̀dàn ti gbẹ tí ọyẹ́ sì ń fẹ́.

Ara ẹni tó ń gun òkè náà pẹ̀lú ní omi tirẹ̀ tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Nínú ọkùnrin àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ara ni omi. Nínú obìnrin, ó sún mọ́ ìdá 50. Nínú ọmọ tuntun, ó tó ìdá 75. Òógùn ń mú nínú rẹ̀, ìtọ̀ ń mú nínú rẹ̀, mímí sínú àti sóde ń mú nínú rẹ̀. Omi mímu àti oúnjẹ ń dá a padà. Síbẹ̀, ìwọ̀n omi àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn họ́mónù bíi mélòó kan, pẹ̀lú òùngbẹ fúnra rẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìṣọ́ yìí bá yingin. A sì fẹ́ pe àkíyèsí àwọn olùkọ́, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè sí ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa gan-an. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí ni àtọ̀gbẹ, fún àìsàn méjì tí wọ́n jọra lójú ṣùgbọ́n tí ìtọ́jú wọn kò pa pọ̀ rárá. Èrò wa ni pé àìlórúkọ àìsàn kejì kì í ṣe àléébù inú ìwé atúmọ̀-èdè nìkan. Ó lè mú ẹ̀mí lọ.

1. Ohun tí àtọ̀gbẹ ń sọ

Bí a bá tú àtọ̀gbẹ palẹ̀, a ó rí mófíìmù mẹ́ta nínú rẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ. Ìlànà yìí kan náà ló bí àjẹyó àti àmuyó. Ìṣe àkọ́kọ́ ń lọ títí yóò fi yọrí sí ìkejì: a jẹ títí a fi yó, a mu títí a fi yó, a tọ̀ títí a fi gbẹ. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé kò sí ṣúgà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí adùn, kò sì sí oyin. Ohun tí ojú àwọn tó sọ àìsàn náà lórúkọ rí ni wọ́n sọ, èyí ni ìtọ̀ tí kò dáwọ́ dúró àti ara tó ń rù.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì gbà. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí nǹkan gba inú nǹkan kọjá ni diabetes ti wá. Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà, lo orúkọ yìí nígbà tó ń ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn tí omi ń gba ara wọn kọjá bí ẹni pé ọ̀pá lásán ni wọ́n. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ ni tiwọn ti kíyè sí i pé èèrà a máa ṣù bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì pe àìsàn náà ní ìtọ̀ oyin. Ní 1674, Thomas Willis, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ dùn. Ní 1776, Matthew Dobson fi hàn pé ṣúgà ló ń mú un dùn. Ní 1794, Johann Peter Frank, ará Jámánì, ya àwọn tí ìtọ̀ wọn pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò dùn sọ́tọ̀. Báyìí ni orúkọ kan ṣe di méjì: diabetes mellitus, tí ó ń tọ́ka sí oyin, àti diabetes insipidus, tí ó ń tọ́ka sí ohun tí kò ládùn.

Nínú èdè tiwa, ìyàsọ́tọ̀ yìí kò wáyé. Àìsàn ti ṣúgà ló wọ́pọ̀, òun ni àtọ̀gbẹ sì lẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà tún wá kún un lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì fi di ohun kan náà. Lónìí, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tàbí nọ́ọ̀sì bá pe àtọ̀gbẹ, ṣúgà ni etí gbogbo wa ń gbọ́. Àìsàn kejì ṣọ̀wọ́n. Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń lò ni ẹnì kan nínú nǹkan bí 25,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, òun gan-an ni àtọ̀gbẹ bá mu jù, nítorí pé ìtọ̀ àti gbígbẹ ni gbogbo ìtàn rẹ̀. Ẹlòmíràn ti gba orúkọ rẹ̀, òun sì wà láìlórúkọ.

2. Bí ara ṣe ń ṣọ́ omi rẹ̀

Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì olítà 25 tí a fi ń pọnmi wọ̀n ọ́n, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì méje. Kò sí ẹni tó ń tọ kẹ́ẹ̀gì méje lóòjọ́. Lítà kan sí méjì ló ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Gbogbo ìyókù ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀nba tó kù ni ara ń ṣèpinnu lé lórí: bí omi bá pọ̀ nínú ara, kí ó jáde, bí omi bá dínkù, kí ó padà sílé.

Ibi tí ìpinnu náà ti ń wá ni apá kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tí a ń pè ní haipotálámọ́ọ̀sì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ. E. B. Verney, tó ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ṣàlàyé iṣẹ́ irú àwọn atọ́nǹkanwò wọ̀nyí nínú ìwádìí tó ṣe lára ajá, èyí tó tẹ̀ jáde ní 1947. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki ju bó ti yẹ lọ ní ìwọ̀n ìdá kan tàbí méjì péré nínú 100, nǹkan méjì á ṣẹlẹ̀. Èkíní, òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹni náà. Èkejì, haipotálámọ́ọ̀sì á rán họ́mónù kan jáde láti inú ẹṣẹ́ pituitary, ẹṣẹ́ kékeré tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó so rọ̀ sísàlẹ̀ ọpọlọ. Họ́mónù náà á bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé kíndìnrín. Níbẹ̀, ó ń mú kí àwọn ojú ihò omi tíntìntín yọ sí ara ògiri àwọn ọ̀pá kíndìnrín, omi á sì gba ibẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Peter Agre, ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí irú ojú ihò omi bẹ́ẹ̀, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2003.

Fasopirẹ́sìn ni orúkọ tí ayé mọ họ́mónù yìí sí. Ó yẹ kí onímọ̀ èdè gbọ́ bí ó ṣe jẹ́ orúkọ náà. Ní 1895, George Oliver àti Edward Schäfer rí i pé omi tí a fún láti inú ẹṣẹ́ pituitary ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ìfúnpọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ yìí ni orúkọ náà ń sọ. Ọdún 1913 ni Farini ní Ítálì àti von den Velden ní Jámánì tó rí i pé omi ẹṣẹ́ kan náà ń dín ìtọ̀ àwọn aláìsàn kù. Nígbà tí Vincent du Vigneaud, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1955, tú họ́mónù náà palẹ̀ tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní ilé ìwádìí, orúkọ àkọ́kọ́ ti mọ́lẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí òyìnbó ń pè é ń sọ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ hàn sójú, kì í ṣe iṣẹ́ tí ara fi ń lò ó lójoojúmọ́. Èyí yóò wúlò fún wa níwájú.

Họ́mónù kejì ni aldosítẹ́róònù. Ẹṣẹ́ méjì tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń mú un jáde. Sylvia Simpson àti James Tait pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣàwárí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Níwọ̀n bí omi ti máa ń tẹ̀ lé iyọ̀, ẹni tó bá pàdánù iyọ̀ yóò pàdánù omi pẹ̀lú.

3. Ibi tí ìṣọ́ náà ti ń yingin

Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni ìṣọ́ yìí lè gbà yingin, a ó sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí họ́mónù tó ń dá omi dúró má tó. Ìṣẹ́ abẹ nítòsí ẹṣẹ́ pituitary, kókó tó hù síbẹ̀, àìsàn tó ran awọ ọpọlọ, tàbí kí ènìyàn fi orí gbá ilẹ̀ gidigidi lè fà á. Ẹni tó bá rántí iye ènìyàn tí ọ̀kadà ń gbé ṣubú lójú ọ̀nà wa yóò mọ̀ pé ohun tí a mẹ́nu bà kẹ́yìn yìí kò jìnnà sí wa. Aláìsàn yóò máa tọ ju lítà mẹ́ta lọ lóòjọ́. Nígbà tí ó bá le, ó lè tó lítà 10, àní ó lè tó 20. Ìtọ̀ náà á mọ́ bí omi. Bí ó bá ti ń jáde ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tọ̀sán tòru. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó tí aláìsàn sì lè mu ún, yóò máa rọ́nà lọ. Ewu dé bí ó bá sùn lọ láìmọ ara, bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò lè béèrè, tàbí bí ẹlòmíràn bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí họ́mónù pé, ṣùgbọ́n kí kíndìnrín má dá a lóhùn. Ìránṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, onílé kò ṣílẹ̀kùn. A lè bí i mọ́ ọmọ, pàápàá ọmọkùnrin, nítorí pé ìyá ló sábà máa ń gbé àbùkù náà fún un láìsí pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Oògùn líthíọ̀mù, tí a ń lò fún irú àìsàn ọpọlọ kan, lè fà á bí a bá lò ó pẹ́. Àpẹẹrẹ tí a ń rí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìtọ́jú wọn ló yàtọ̀. Fún ti àkọ́kọ́, desmopressin, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ họ́mónù náà, tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1960, máa ń mú ìtọ̀ náà rọlẹ̀ kíákíá. Fún ti èkejì, oògùn yìí kì í sábà ràn án, nítorí pé àìsí ìránṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Dídín iyọ̀ oúnjẹ kù àti àwọn oògùn mìíràn ni oníṣègùn ń lò. Ẹ̀wẹ̀, irú kan wà tó ń ṣe àwọn aboyún mélòó kan, nítorí pé olóbì ọmọ ń mú èròjà kan jáde tó ń ba họ́mónù náà jẹ́; ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Ọ̀nà kẹta ni òdìkejì méjèèjì: kí họ́mónù náà pọ̀ jù. William Schwartz àti Frederic Bartter ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1957 lára àwọn aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn, àìsàn awọ ọpọlọ àti àwọn oògùn kan lè fà á pẹ̀lú. Ìtọ̀ á dínkù, omi á kún inú ara, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn. Orí á máa fọ́ aláìsàn, yóò máa ṣe rádaràda, gìrì sì lè mú un. Níhìn-ín, ohun tí oníṣègùn sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni láti dín omi mímu kù.

Ọ̀nà kẹrin ni kí họ́mónù tó ń dá iyọ̀ dúró má tó. Thomas Addison, ní London, ló ṣàpèjúwe àìsàn àwọn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ní 1855. Nígbà ayé rẹ̀, ikọ́ fée ni olórí ohun tó ń ba ẹṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́, kò sì tíì kúrò lára ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àárẹ̀ á máa mú aláìsàn, òòyì á máa kọ́ ọ bí ó bá dìde, ó á sì máa yán hànhàn fún iyọ̀. Awọ rẹ̀ á dúdú sí i. Lára aláwọ̀ dúdú, a lè wo èyí lára èrìgì àti ìlà àtẹ́lẹwọ́. Omi lásán kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀; iyọ̀ àti oògùn tó rọ́pò họ́mónù ló nílò.

4. Àṣìpè tó ń gba ẹ̀mí

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀, tí kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Ìyá kan láti Adó-Àwáyè mú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ó ní ọmọ náà ń dìde mu omi nínú àmù lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ó sì ń tọ̀ sórí ẹní ní gbogbo ìgbà.

“Ẹ ṣé, Màmá. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ó jọ àtọ̀gbẹ.”

“Háà, Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun! Àtọ̀gbẹ kẹ̀? Ọmọ yìí kì í jẹ nǹkan dídùn.”

Wọ́n yẹ ìtọ̀ ọmọ náà wò. Kò sí ṣúgà níbẹ̀.

“Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Màmá, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó mu omi mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò ní tọ̀ sórí ẹní mọ́.”

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ọmọ. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè dára fún ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé họ́mónù ọmọ yìí ni kò tó, ohun kan ṣoṣo tó ń mú un wà láàyè ni omi àmù yẹn, òun náà sì ni a ní kí ìyá rẹ̀ gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì ní lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àtọ̀gbẹ ni àbí àtọ̀gbẹ kọ́? Lẹ́yìn tí a ti dáhùn rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nílẹ̀ tí yóò mú un béèrè ìbéèrè kejì.

Ewu yìí kì í ṣe ti èdè Yorùbá nìkan. Ní 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní ilé ìwòsàn kan ní London, níbi tó ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ egungun ìbàdí. Ó ní àìsàn àìtó họ́mónù yìí, a kò sì fún un ní oògùn rẹ̀ bó ti yẹ. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ débi pé orí ibùsùn rẹ̀ ló ti fi fóònù pe ọlọ́pàá pé kí wọ́n gba òun. Gbígbẹ omi ara ló pa á, nínú ilé tí ẹ̀rọ omi wà. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn aláìsàn 1,034 tó ní irú àìsàn yìí léèrè, nínú ìwádìí tó jáde ní 2022, ìdá 80 nínú 100 wọn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ṣi àìsàn àwọn mú fún ti ṣúgà rí, ìdá 85 sì fẹ́ kí a yí orúkọ náà padà. Ní ọdún 2022 kan náà, ìgbìmọ̀ tó ṣojú fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn họ́mónù káàkiri àgbáyé dábàá pé kí a fi diabetes insipidus sílẹ̀. Dípò rẹ̀, kí a máa pe irú kìíní ní àìtó fasopirẹ́sìn, kí a sì máa pe irú kejì ní àìdáhùn sí fasopirẹ́sìn. Èdè tó ti ní orúkọ méjì láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn rí i pé bí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, méjì kò tó. Kí ni kí a wá sọ nípa èdè tó ní ẹyọ kan?

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ìgbésẹ̀ tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a túmọ̀ orúkọ Látìn náà tààrà, kí a ní àtọ̀gbẹ aláìládùn. A kò fara mọ́ ọn fún ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni etí ń gbá mú. Ẹni tó gbọ́ àtọ̀gbẹ ti gbọ́ ṣúgà, ohun yòówù kí ó tẹ̀ lé e. Ìdí kejì ni pé aláìládùn lè dún létí bí àtọ̀gbẹ tí kò le, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà sì le.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a gba àtọ̀gbẹ padà fún àìsàn tó bá a mu jù, kí a sì fi ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ fún èkejì. Ní ti ìtumọ̀, èyí tọ̀nà. Ní ti ìlò, kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń sọ èdè ló ni èdè, wọ́n sì ti fi àtọ̀gbẹ fún àìsàn ṣúgà. Ẹni tó bá yí i padà nínú ìwé nìkan yóò tún dá àṣìgbọ́ mìíràn sílẹ̀.

Ohun tí a dábàá ni pé kí a sọ họ́mónù náà lórúkọ, kí orúkọ àìsàn sì ti ara rẹ̀ jáde. Níwọ̀n bí fasopirẹ́sìn ti ń sọ iṣẹ́ tí kì í ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìdí tí a ó fi túmọ̀ rẹ̀ tààrà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú omi dúró sínú ara. Nítorí náà, a dábàá amómidúró: a- + mú + omi + dúró. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe mú jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun ló bí amóríyá láti ara mú orí yá. Ní ti aldosítẹ́róònù, iyọ̀ ni òun ń mú dúró. Amúyọ̀dúró ni a dábàá fún un. Họ́mónù fúnra rẹ̀, tí Ernest Starling fún ayé ní 1905, ti rìn jìnnà nínú àwọn ìwé wa. A kò rí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Láti ara ọ̀rọ̀ méjì yìí, àwọn orúkọ àìsàn tó kù yóò tò tẹ̀ lé ara wọn:

Àìtó amómidúró: họ́mónù omi kò tó. Fún aláìsàn ní omi, má gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Wá oògùn tó rọ́pò họ́mónù.

Ìkọtí kíndìnrín sí amómidúró: họ́mónù pé, kíndìnrín ni kò dáhùn. Fún aláìsàn ní omi. Wá ohun tó mú kíndìnrín kọtí ikún.

Àpọ̀jù amómidúró: họ́mónù omi pọ̀ jù. Oníṣègùn ni yóò sọ ìwọ̀n omi tí aláìsàn lè mu.

Àìtó amúyọ̀dúró: họ́mónù iyọ̀ kò tó. Omi nìkan kò tó. Iyọ̀ àti oògùn ni a ń wá.

Àmujù omi: họ́mónù àti kíndìnrín wà bó ti yẹ, ṣùgbọ́n àṣà tàbí àìsàn ọkàn ń mú ènìyàn mu omi ju bó ti yẹ lọ. A ṣẹ̀dá rẹ̀ bí àṣejù àti àjẹjù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ta ni yóò mọ amómidúró ní ọjà Ìsẹ́yìn. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lónìí, bí kò tilẹ̀ mọ ohunkóhun nípa ẹṣẹ́ tàbí họ́mónù, yóò gbọ́ omi níbẹ̀, yóò sì gbọ́ dúró. Bí a bá sọ fún ìyá ọmọ pé amómidúró ọmọ rẹ̀ kò tó, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé omi ni kò dúró sí ara ọmọ òun, àti pé omi ni òun gbọ́dọ̀ máa fi sí i títí tí oògùn yóò fi dé. Bí ó bá jẹ́ ìdílé Mùsùlùmí, wọn yóò mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí omi kò dúró sí lára kì í ṣe ẹni tí a ń gbà níyànjú láti gba ààwẹ̀ láìkọ́kọ́ bá oníṣègùn sọ̀rọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

6. Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè tí a sábà máa ń bi ọ̀rọ̀ tuntun ni pé: ṣé ó bá ìlànà gírámà mu? ṣé ó rọrùn lẹ́nu? ṣé ó ṣe kedere? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣègùn, a fẹ́ kí a fi ìkẹrin kún un: bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà mú wá sí i lọ́kàn, ṣé aláìsàn yóò yè?

Àtọ̀gbẹ yege nínú ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú ìkẹrin, ó yege fún aláìsàn ṣúgà, ó sì já èkejì rẹ̀ kulẹ̀. Nínú àwọn àìsàn tí a kà sílẹ̀ lókè, a rí èyí tí fífún aláìsàn lómi ń gbà á là, a sì rí èyí tí omi púpọ̀ ń pa á lára. Wọn kò gbọdọ̀ pín orúkọ kan lò, wọn kò sì gbọdọ̀ wà láìlórúkọ. A rọ àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì, àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìlera láti dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò níwájú àwọn tó ń sọ èdè náà, kí wọ́n sì gbé èyí tó bá sàn jù wọ́n lọ jáde bí wọ́n bá rí i. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, títí ọmọ kan yóò fi dìde lóru, tí yóò rìn dé ìdí àmù, tí yóò sì bá a pé wọ́n ti dé e mọ́ òun.